OORE TÍ A FI ARIWO ṢE: TA NI A Ń ṢE É FÚN?

  

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wa lọ́dún yìí kì í ṣe èyí tí yóò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Àwọn kan yóò ní kò yẹ kí a sọ ọ́ nínú ìwé ìrántí ọdún, nítorí pé ìwé ìrántí náà gan-an wà lára ohun tí a fẹ́ bá wí. Ṣùgbọ́n níbo ni ó tún yẹ kí a ti sọ ọ́? Ibi tí aṣọ bá ti ya náà ni a ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀. Ọ̀rọ̀ oore tí à ń fi ariwo ṣe ni a fẹ́ sọ, pàápàá láàrin àwa tí a ń pe ara wa ní Mùsùlùmí.

Gbogbo wa mọ bí ìfilọ́lẹ̀ ṣe ń rí. A ó ta àtíbàbà, a ó to àga onítìmùtìmù sí iwájú fún àwọn ènìyàn pàtàkì, a ó to àga oníke sí ẹ̀yìn fún àwọn yòókù. Adarí ètò yóò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Olórí olùfilọ́lẹ̀ yóò dìde, àwọn tí wọ́n bá a wá yóò bá a dìde, onílù yóò sáré bọ́ síwájú rẹ̀, yóò máa ki ìran bàbá rẹ̀ títí yóò fi kan èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ rí. Nígbà náà ni yóò dárúkọ iye kan. Gbogbo abẹ́ àtíbàbà yóò hó yèè. Adarí ètò yóò tún iye náà sọ lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé etí wa di. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e, tí iye tirẹ̀ sì kéré sí i, àtẹ́wọ́ tirẹ̀ náà yóò kéré sí i. Ìyá arúgbó tí ó ń ta ata, tí ó tú ẹgbẹ̀rún kan náírà ní etí ìró rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé gbogbo èrè ọjọ́ náà nìyẹn, wọn yóò ní kí ó lọ jù ú sínú agbọ̀n tí ó wà lẹ́yìn. Wọn kì í bi í léèrè orúkọ.

Ẹ wá bi àwọn tí wọ́n ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí léèrè ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà. A kò sọ pé gbogbo olùfilọ́lẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń san ohun tí wọ́n bá pè, Ọlọ́hun yóò san án fún wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ kan tí a mọ̀, ìbáà ṣe ti àdínì tàbí ti ìlú, tí kò ní ìwé kan ní ìsàlẹ̀ àpótí tí orúkọ àwọn tí wọ́n ṣe ìlérí tí wọn kò mú un ṣẹ wà nínú rẹ̀. Akápò yóò lọ lẹ́ẹ̀kíní, wọn yóò ní ọ̀gá rìnrìn àjò. Yóò lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọn yóò ní kí ó padà wá lẹ́yìn ìparí oṣù. Nígbà tí ó bá lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò máa bínú, bí ẹni pé akápò ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kí ló fà á? Èrò tiwa ni pé owó náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí a pe iye rẹ̀. Àtẹ́wọ́ ni ọkùnrin náà wá rà, ó sì ti gbé e lọ sílé. Kí ni yóò tún máa sanwó fún?

Bẹ́ẹ̀ ni ìdájọ́ tí ẹ̀sìn wa ti ṣe fún irú oore bẹ́ẹ̀ rí gẹ́lẹ́. Hádíìsì kan wà tí Abu Hurayra gbà wá, tí Imam Muslim kọ sínú ìwé rẹ̀, nípa àwọn mẹ́ta tí a ó kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́ ní ọjọ́ àlùkìyáámọ̀. Ẹni kìíní kú sí ojú ogun ẹ̀sìn. Ẹni kejì wá ìmọ̀, ó fi kọ́ ènìyàn, ó sì ń ka Àlùkùránì. Ẹni kẹta jẹ́ olówó tí kò sí ọ̀nà oore kan tí kò náwó sí. Bí irú àwọn mẹ́ta yìí bá wọ mọ́sálásí wa lónìí, ìlà iwájú ni a ó fi wọ́n sí. Iná ni hádíìsì náà sọ pé a ó wọ́ wọn lọ. Kì í ṣe pé wọn kò ṣe é. Wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣe é kí a lè pè é ní akíkanjú, èkejì ṣe é kí a lè pè é ní onímọ̀, ẹ̀kẹta ṣe é kí a lè pè é ní ọlọ́wọ́ ọrẹ, a sì ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gba owó iṣẹ́ wọn nílé ayé, kò ku ẹyọ kan. Wọ́n ní nígbà tí Abu Hurayra fẹ́ sọ hádíìsì yìí, ó dákú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó lè sọ ọ́ tán. Àwa ń gbọ́ ọ lórí fóònù, à ń jẹ ẹ̀pà.

Àwọn àáfà wa àtijọ́ ti fún àìsàn yìí ní orúkọ Yorùbá tí ó ṣe rẹ́gí: ṣekárími. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ṣekágbọ́mi. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pè é ní ẹbọ kékeré, ó sì sọ pé ó wà lára ohun tí òun ń bẹ̀rù jù lórí wa. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹnu kan oúnjẹ ọdún òrìṣà bí ẹ bá délé, nítorí pé ẹ̀ ń sá fún ẹbọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo èyí tí à ń gbé gun orí pèpéle. Ẹni tí ó bá mú owó wá nítorí Ọlọ́hun àti nítorí kí àwọn ará ìlú lè máa wárí fún un, ó ti fi àwọn ará ìlú ṣe akẹgbẹ́ Ọlọ́hun nínú iṣẹ́ náà, Ọlọ́hun kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àjọpín. Yóò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú.

Kì í ṣe lásán ni Imam Bukhari fi hádíìsì àníyàn, èyí tí Umar ọmọ Khattab gbà wá, ṣe àkọ́kọ́ nínú ìwé rẹ̀. Imam Nawawi náà fi ṣe àkọ́kọ́ nínú àkójọ hádíìsì tí àwọn ọmọ ilé kéwú wa ń kọ́ sórí. Ọmọ ilé kéwú mọ̀ ọ́n. Àgbà orí pèpéle ni kò rántí rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ó sì wà nínú rẹ̀ kan àwa ará ilé àjò gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fi ìlú wọn sílẹ̀ ni. Ẹ fojú inú wo ènìyàn méjì tí wọ́n jọ kúrò ní Mẹ́kà, tí wọ́n jọ la aṣálẹ̀ kan náà já, tí oùngbẹ kan náà gbẹ wọ́n, tí wọ́n sì jọ dé Mọ̀dínà. Ọ̀kan wá nítorí Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Èkejì wá nítorí ohun ayé tí ó fẹ́ rí, tàbí nítorí obìnrin tí ó fẹ́ gbé níyàwó. Ẹsẹ̀ wọn tẹ ilẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ibi tí oníkálùkù ń lọ ni ó dé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọmọ kan tí a mọ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ tí ó ṣe oore náà fún un. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tí ó wà ní Kakuri ń tilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan láàrin ọdún 2002 sí 2007. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ní Kakuri àti Makera nígbà náà mọ bí nǹkan ṣe rí. Bàbá náà kò gbádùn mọ́ títí ó fi dolóògbé. Nígbà tí ó kan ọmọ láti san owó ìdánwò WAEC, ẹgbẹ́ kan bá a san án. Oore ni, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fún un, wọ́n pe òun àti àwọn márùn-ún mìíràn bọ́ sí orí pèpéle ní ojú gbogbo ènìyàn, wọ́n fún wọn ní páálí ńlá kan tí wọ́n kọ iye owó sí kí wọ́n dì í mú, ọ̀gá tí ó mú owó náà wá sì dúró láàrin wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọdún yípo, fọ́tò náà jáde nínú ìwé ìrántí, aláwọ̀ mèremère, odidi ojú ìwé kan. Ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ aláìní tí ẹgbẹ́ ràn lọ́wọ́ nìyí.

Ìwé náà dé àdúgbò. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ń pè é ní Aláìní. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò jẹ́ mọ́. Nígbà tí àkókò owó JAMB tó, a retí ìyá rẹ̀, a kò rí i. Nígbà tí a fi máa gbọ́, ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó fi ń jẹun. A bi í pé kí ló dé tí kò tọ ẹgbẹ́ lọ. Ó ní, “Bọ̀dá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn o, ṣùgbọ́n owó yẹn ti wọ́n jù fún mi.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Owó ọ̀fẹ́ ni, obìnrin náà sì sọ pé ó wọ́n. Súrà Bàkárà ẹsẹ̀ 264 sọ ohun tí obìnrin náà ń sọ. Ó kọ̀ fún àwa onígbàgbọ́ òdodo pé kí a má ṣe fi ìrègún àti ìpalára ba sàráà wa jẹ́, ó sì fi ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wé ẹni tí ń náwó kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ó wá fi iṣẹ́ wọn wé erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo orí àpáta: òjò ńlá kan rọ̀, ó gbá gbogbo rẹ̀ lọ, àpáta ṣẹ́kù ní borokoto. Kò sọ pé láádá yóò dín kù. Ó ní yóò bàjẹ́ ni. Ẹ sì wò ó bí Àlùkùránì ṣe so ìrègún àti ṣekárími pọ̀ sí ojú kan. Nínú ilé, ẹni tí ó bá ń règún lè gbàgbé ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ kan, tàbí kí ó kú. Fọ́tò inú ìwé kì í gbàgbé. Ìrègún tí kì í dákẹ́ ni.

Sàká pàápàá ti di ohun tí à ń gbé jó. Sàká kì í ṣe ọrẹ. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tí ó sì pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìdá kan nínú ogójì owó náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Àlùkùránì pè é ní ẹ̀tọ́ ẹni tí ń tọrọ àti ti ẹni tí kò ní, Súrà Táóbà ẹsẹ̀ 60 sì ti ka ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́jọ tí ó tọ́ sí. Olówó tí ó ń yọ sàká, gbèsè ni ó ń san. Àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wa máa ń yáwó, a sì máa ń san án tán. A kò rí ẹni tí ó pe onífọ́tò ní ọjọ́ náà rí.

Ní oṣù Ràmàdáánì ọdún 2024, ní ìlú Bauchi tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa, wọ́n pe àwọn aláìní jọ kí wọ́n wá gba owó sàká. Èrò rọ́ lu ara wọn, àwọn obìnrin kú síbẹ̀. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún kan náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Abuja àti ní Okija níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọdún Kérésìmesì. A kò sí nínú ọkàn àwọn tí wọ́n pín nǹkan wọ̀nyẹn, a kò sì ní sọ pé ṣekárími ni wọ́n ń ṣe. Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ àníyàn ẹ̀dá. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí ibi tí ẹ̀sìn ti ní kí a kó tálákà jọ sí ojú kan ṣoṣo, ní wákàtí kan ṣoṣo, kí ayé lè rí bí wọ́n ti pọ̀ tó. Owó tí a lè gbé lọ sí ilé ènìyàn lẹ́yìn ìrun iṣáì, kí ló dé tí a fi ń pè é wá gbà á nínú oòrùn ọ̀sán gangan?

Ali ọmọ Husayn, tí wọ́n ń pè ní Zayn al-Abidin, ọmọ-ọmọ Fatima ọmọ Ànábì wa, mọ ọ̀nà òru náà dáadáa. Mọ̀dínà ni ó ń gbé. Àwọn ilé tálákà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń rí oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọn kò sì mọ ẹni tí ó ń gbé e wá. Nígbà tí ó kú, ní nǹkan bí ọdún 713, oúnjẹ náà dáwọ́ dúró. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé wọn. Wọ́n ní àwọn tí ó wẹ òkú rẹ̀ rí àpá dúdú lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ó ti ń fi ẹ̀yìn ru àpò ìyẹ̀fun káàkiri ìlú lóru. Ọmọ ilé ńlá ni o. Ó ní ìránṣẹ́ tí ó lè rán. Àpò ìrẹsì tiwa lónìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń tẹ àwòrán ojú olóṣèlú sí lára, bí ẹni pé ojú ni a óò sè.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé bí a kò bá pe orúkọ, àwọn ẹlòmíràn kò ní rí ohun tí yóò mú wọn dìde. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí, a kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Súrà Bàkárà ẹsẹ̀ 271 sọ pé bí a bá fi sàráà hàn, ó dára. Bí a bá fi í pamọ́ tí a sì fún àwọn aláìní, ó dára jù fún wa. Fífi hàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Hádíìsì Jarir ọmọ Abdullah tilẹ̀ wà, nínú ìwé Muslim, nípa àwọn ará Mudar kan tí wọ́n dé Mọ̀dínà pẹ̀lú àkísà lára àti ebi nínú. Ojú Ànábì yí padà nígbà tí ó rí wọn. Ó bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun, kò sì sí ẹni tí ó kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó yá, ọkùnrin ará Ansar kan gbé àpò owó kan wá, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé e, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e títí oúnjẹ àti aṣọ fi di òkìtì méjì. Inú Ànábì dùn, ó sì sọ láádá tí ó wà fún ẹni tí ó bá fi àpẹẹrẹ rere lélẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi hádíìsì yìí gbe ìfilọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ wá sọ orúkọ ọkùnrin náà fún wa. Jarir kò dárúkọ rẹ̀. Ará Ansar kan ni, ó tán. Àpò rẹ̀ ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi dìde, kì í ṣe oríkì rẹ̀.

Wọn yóò tún ní, ṣebí kànga Ruma tí Uthman rà fún àwọn Mùsùlùmí ní Mọ̀dínà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Òótọ́ ni. Uthman kọ́ ni ó gbé ọ̀dà lọ sí ìdí kànga. Omi ni àwọn ènìyàn mu tí wọ́n fi ń dárúkọ rẹ̀. A ti rí bọ́họ̀ọ̀lù ní òkè ọya níbí tí orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ṣì ń dán lára ògiri, tí ọ̀pá omi rẹ̀ sì ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ọdún bá ń bọ̀, orúkọ náà ni wọ́n máa ń tún kùn. Ẹ̀rọ omi kò rí ẹni tún un ṣe.

Ti oyè náà ńkọ́? Mohammed Shitta Bey fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́sálásí sí Èkó, wọ́n ṣí i ní ọdún 1894, Sultan ilẹ̀ Turkey, Abdul Hamid Kejì, sì fi oyè Bey dá a lọ́lá. A kò sọ pé oyè náà ba láádá rẹ̀ jẹ́. Àwa kọ́ ni ó ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Mọ́sálásí náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń kírun nínú rẹ̀. Ilé ni ó kọ́kọ́ dé, kí oyè tó dé. Lọ́dọ̀ tiwa, oyè ni ó ń kọ́kọ́ dé. A ó wé láwàní fún Bàbá Àdínì, a ó wé fún Ọ̀tún, a ó wé fún Òsì, a ó jẹ, a ó mu, a ó ya fọ́tò. Ilé ń bọ̀ lẹ́yìn, bí ó bá máa wá rárá. (Nígbà tí a ti ń sọ ti oyè, ẹ jẹ́ kí a bèèrè nǹkan kan. Ìrun jẹ́ òpó ẹ̀sìn, a kì í pe ẹnikẹ́ni ní Olùkírun Lágbájá. Ààwẹ̀ jẹ́ òpó, a kì í pe ẹnikẹ́ni ní Aláàwẹ̀ Lágbájá. Kí ló wá dé tí Àláájì kan fi ń bínú, tí kò fẹ́ jẹ́ni, nítorí pé a pe orúkọ rẹ̀ láì fi Àláájì ṣáájú?)

Àwọn ará wa Onígbàgbọ́ tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ má ṣe rò pé ìjà ilé kéwú ni èyí. Ìwé Mátíù orí kẹfà ti bá yín sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, títí kan ti ọwọ́ òsì tí kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ méjèèjì yìí wà nínú hádíìsì tiwa náà, nípa àwọn méje tí Ọlọ́hun yóò fi sábẹ́ ibòji Rẹ̀.

Kò sì yẹ kí ó ṣòro fún àwa ará Kàdúná láti mọ oore tí kò ní ariwo. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà níbí ṣáájú, ẹ rántí oṣù Fẹ́búárì ọdún 2000, nígbà tí ọ̀rọ̀ Ṣàríà di ogun ìgboro. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló lọ, ọ̀pọ̀ ilé ló jóná. Ní àwọn ọjọ́ náà, Mùsùlùmí pa Onígbàgbọ́ mọ́ sínú yàrá, Onígbàgbọ́ pa Mùsùlùmí mọ́, àwọn Hausa kan sì pa ọmọ Yorùbá mọ́ títí ọ̀nà fi là. Ta ni ó fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ? Ìwé ìrántí wo ni fọ́tò wọn wà? Ẹni tí ó fi aládùúgbò rẹ̀ pamọ́ sí yàrá lọ́jọ́ náà kò lè pariwo. Bí ó bá pariwo, àti òun àti ẹni tí ó fi pamọ́ ni wọn yóò pa. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń jó níwájú yín ní ọjọ́ àjọ̀dún wà láyé nítorí pé ẹnì kan pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Oore tí ó tóbi jù tí a ṣe fún wa ní ìlú yìí nìyẹn, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní àtíbàbà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a mọ̀ pé yóò jáde, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: bí gbogbo ènìyàn bá ń fún ní ìkọ̀kọ̀, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé akápò kò jẹ ẹ́? Àwa tí a ti jókòó ti ìwé owó ìjọba fún ọdún pípẹ́ lè dáhùn ìyẹn. Orúkọ ènìyàn kọ́ ni ó ń ṣọ́ owó, ìwé ni ó ń ṣọ́ ọ. Adarí ètò lè pe iye ńlá fún wakati mẹ́ta, kí owó tí ó wọ báńkì máà tó ìdajì rẹ̀, gbogbo wa sì ti rí i bẹ́ẹ̀. Kí a máa sọ iye owó ní gbangba dára, ó tilẹ̀ jẹ́ dandan. Ẹni tí ó ni ín ni kò yẹ kí a máa sọ.

Nítorí náà, a ó gbé àbá yìí wá sí ìpàdé gbogboogbò tí ó ń bọ̀, a sì fẹ́ kí ẹ ti rò ó kí ẹ tó dé. Kí ẹgbẹ́ ra ìwé rísíìtì tí ó ní nọ́ńbà. Ẹni tí ó bá mú owó wá, kí akápò já rísíìtì fún un, kí ó sì mú un lọ sílé. Ní ìparí ọdún, kí a lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé: rísíìtì 1, iye báyìí, rísíìtì 2, iye báyìí, títí dé orí èyí tí ó kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mú owó wá yóò wá nọ́ńbà tirẹ̀, yóò rí i pé iye rẹ̀ pé. Bí kò bá pé, kí ó mú rísíìtì rẹ̀ wá, kí akápò sì dáhùn. Rísíìtì ìyá aláta yóò wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ti olórí olùfilọ́lẹ̀. Ìlérí kò ní sí nínú rẹ̀, nítorí pé a kì í já rísíìtì fún ìlérí.

Ní ti àwọn tí à ń ràn lọ́wọ́, kí á yan ènìyàn mẹ́ta, kí obìnrin wà nínú wọn, tí yóò máa gbé nǹkan lọ sí ilé wọn. Owó ìdánwò, kí wọ́n san án sí ilé ẹ̀kọ́ tààrà. Kí a má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Àwọn ojú ìwé aláwọ̀ mèremère tí fọ́tò àwọn olùrànlọ́wọ́ àti àwọn tí a ràn lọ́wọ́ máa ń gbà nínú ìwé ìrántí yìí, kí a yọ wọ́n kúrò lọ́dún tí ń bọ̀, kí akápò bi atẹ̀wé léèrè iye tí yóò fi dín kù, kí ó sì kọ iye náà sínú ìwé owó lábẹ́ owó ìdánwò àwọn ọmọ.